Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ohun Tó Ń Fa Ariwo Nígbàkigbà Tí Ìjọba Bá Fẹ́ Tún Òfin Owó Orí Ṣe

Lóṣù kejìlá ọdún 2025, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági Tuntun n'Íbàdàn fi pè mí. Mo máa ń bá àwọn onísọ́ọ̀bù ṣe ìwé ìṣirò wọn, tìyá yìí sì ti wà lọ́wọ́ mi ọjọ́ ti pẹ́. "Ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ ni pé tá a bá ti wọ January, gbogbo owó tó bá wọ akáǹtì mi ni ìjọba máa gé nínú ẹ̀, àfi tẹ́ni tó fi ránṣẹ́ bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀bùn ni?" Ẹnì kan ló ti gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ tó fi ránṣẹ́ sí gúrúpù WhatsApp wọn lọ́jà. Ìyá ti sọ fáwọn oníbàárà ẹ̀ pé òun ò gba tránsífà mọ́, káàṣì nìkan, ọmọ ẹ̀ obìnrin ló sì ń kó owó yẹn sínú báàgì láti ọjà wálé nírọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

Irọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn, kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú òfin. Àmọ́ mi ò bá ìyá yẹn jà torí mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù ẹ̀ ti wá, màá débẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bí èmi ṣe máa ń yẹ ìjà owó orí wò, kẹ́yin náà lè máa yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín, torí òmíì ṣì ń bọ̀. Òfin mẹ́rin tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lọ́jọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, tí èyí tó kan àpò wa jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní ọdún 2026, ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, ojú gbogbo wa ló ṣe.

Ẹ wá ẹni tó ń jẹun lórí ìlà kọ̀ọ̀kan

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe rèé: màá mú ìwé kan, màá fa ìlà sáàárín ẹ̀, màá kọ orúkọ owó orí tí wọ́n fẹ́ yí padà sápá òsì, màá wá kọ ẹni tí owó yẹn ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ sápá ọ̀tún. Kò sówó orí tí ò lólówó. Kódà owó orí tí wọ́n ní kẹ́nì kan má san náà lólówó, torí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n bá ti yọ̀ǹda fún pé kó má san nǹkan kan fún ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún ti fi owó yẹn ṣètò iṣẹ́ ẹ̀, ó ti gba èèyàn síṣẹ́ lórí ẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ gbà á padà, lọ́yà ló máa kọ́kọ́ pè.

Ẹ wo ti owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń san fún ètò ẹ̀kọ́ gíga. Tẹ́lẹ̀, pasẹ́ńtì 3 nínú èrè wọn ń lọ sọ́dọ̀ TETFund (àjọ tó ń fowó ran ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lọ́wọ́), wọ́n tún ń yọ 1 fún NITDA (àjọ ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà), wọ́n ń yọ 0.25 fún NASENI (àjọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ), wọ́n tún ń yọ tọlọ́pàá tí ò ju bíńtín lọ. Ìwé mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́rin, àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ ṣe ìṣirò mọ ìyà tó wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ gbé kalẹ̀ lọ́dún 2023, tí Táíwò Oyèdélé jẹ́ alága ẹ̀, ní kí wọ́n da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sójú kan, kó jẹ́ pasẹ́ńtì 4. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àbí? Àfi ìgbà táwọn èèyàn ka ìwé náà délẹ̀ tí wọ́n rí i pé tó bá fi máa di ọdún 2030, TETFund ò ní rí kọ́bọ̀ níbẹ̀ mọ́, gbogbo ẹ̀ máa wọ àpò owó tí wọ́n ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, ṣe gbé ohùn sókè nìyẹn, mi ò sì rí ẹ̀bi wọn, torí ẹni tó bá wọ fásitì ìjọba èyíkéyìí lónìí, kó ka iye ilé tuntun tó rí, kó wá ka iye tó ní pátákó TETFund níwájú nínú wọn.

Ibi tí wọ́n parí ẹ̀ sí: TETFund ń gba ìdajì, àpò ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ń gba pasẹ́ńtì 15, NITDA àti NASENI ń gba 8 - 8, àwọn ológun náà wọlé, ti ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, àwọn tó ń tọ́jú ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun wọlé. Olówó méje lórí owó kan tí wọ́n ní káwọn dà pọ̀ kó lè rọrùn. Ilé-iṣẹ́ tó ń san án rí ìrọ̀rùn lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń san án báyìí, ṣùgbọ́n lápá ọ̀tún ìwé mi, orúkọ tó wà níbẹ̀ pọ̀ sí i ni. Tẹ́ ẹ bá ń ka òfin owó orí, apá ọ̀tún yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò, ibẹ̀ làwọn tó máa jà wà.

Ẹ ṣe ìṣirò ti ẹni tó máa jèrè, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ó lè jáde síta nítorí ẹ̀

Èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, òun sì làwọn èèyàn kì í ṣe. Ká mú olùkọ́ kan tó ń gba ₦150,000 lóṣù, ìyẹn ₦1,800,000 lọ́dún, tó sì ń san ₦300,000 lọ́dún fún ilé tó ń gbé. Ẹ jẹ́ ká fi owó fẹ̀yìntì sílẹ̀ kí ìṣirò ọ̀hún má baà gùn. Lábẹ́ òfin àtijọ́, wọ́n máa kọ́kọ́ yọ ₦200,000 àti pasẹ́ńtì 20 owó tó ń gbà lọ́dún sọ́tọ̀, ó ku ₦1,240,000 tí wọ́n á wá gé ní 7, ní 11, ní 15, ní 19, bó ṣe ń gòkè, gbogbo ẹ̀ á wá jẹ́ ₦155,600 lọ́dún. Lábẹ́ òfin tuntun, wọ́n á yọ pasẹ́ńtì 20 owó ilé ẹ̀ (èyí tí ò gbọ́dọ̀ kọjá ₦500,000), ìyẹn ₦60,000, wọ́n ò ní fọwọ́ kan ₦800,000 àkọ́kọ́ rárá, ₦940,000 tó kù ni wọ́n máa gé pasẹ́ńtì 15 nínú ẹ̀, ó jẹ́ ₦141,000.

Ó jèrè ₦14,600. Tẹ́ ẹ bá pín in sóṣù 12, ₦1,216 ni.

Ṣé ẹ rí nǹkan tí mò ń sọ? Ta ló máa tìtorí ₦1,216 lóṣù gbé pátákó dání lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin? Owó yẹn ò tó wíwọ ọkọ̀ lọ sí sẹkitéríàtì ní Agodi lọ́jọ́ méjì. Òun fúnra ẹ̀ lè má tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan yí, torí bí owó oṣù ẹ̀ ṣe fi bíńtín lé, ìrẹsì ti fi ìlọ́po bẹ́ẹ̀ lé. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ pọ̀ jù ní Nàìjíríà, wọ́n fọ́n káàkiri, ẹnì kan ò mọ ẹnì kejì. Ẹni tó máa pàdánù ńkọ́? Ó lè ka iye ẹ̀ fún ẹ lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ni, ó ní ẹgbẹ́ tó wà fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bó bá jẹ́ gómìnà ni, ó ní sẹ́nétọ̀ mẹ́ta l'Ábùjá tó lè pè kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Nínú kí òfin dáa àti kó ríbi kọjá, ọ̀nà jìn síra wọn gan-an, èrè tí wọ́n fọ́n ká bí iyọ̀ ò lè dojú kọ àdánù tó wà lójú kan.

Kẹ́ ẹ ṣe irú ìṣirò yìí fún ara yín nílé. Ẹ má dúró kẹ́nì kan ṣe é fún yín nínú gúrúpù. Ẹ mú owó tẹ́ ẹ ń gbà lọ́dún, ẹ yọ ₦800,000 kúrò, ẹ wo ibi tẹ́ ẹ bọ́ sí: ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, 15, ₦9,000,000 tó tẹ̀ lé ìyẹn, 18, ẹ ń bá a lọ títí dé ìgbà tó bá ju ₦50,000,000 lọ tó di 25. Ìyá aláṣọ yẹn náà, nígbà tá a jókòó ṣe tiẹ̀, èrè ló wà fún un níbẹ̀, èrè tó ń sá fún ló ń gbé káàṣì kiri nítorí ẹ̀.

Ẹ má wo iye tí wọ́n fẹ́ gbà, ẹ wo bí wọ́n ṣe fẹ́ pín in

Ibí yìí lọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Lọ́jọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni Ààrẹ fi ìwé òfin mẹ́rin náà ránṣẹ́ sílé aṣòfin. Ọ̀pọ̀ nínú wa lápá ibí rò pé bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé VAT, owó orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà, kúrò ní pasẹ́ńtì 7.5 ló máa dá ìjà sílẹ̀, torí nínú ìwé yẹn, ó máa di 10 lọ́dún 2025, 12.5 lẹ́yìn náà, 15 lọ́dún 2030. Ìyẹn dá ariwo sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó mú káwọn gómìnà òkè ọya àtàwọn ọba wọn pàdé ní Kaduna lọ́jọ́ 28 oṣù kẹwàá yẹn tí wọ́n sì ní àwọn ò fẹ́, ọ̀rọ̀ pípín ni.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń pín in tẹ́lẹ̀. Bí VAT bá wọlé, ìjọba àpapọ̀ á mú 15 nínú 100, àwọn ìpínlẹ̀ á mú 50, ìjọba ìbílẹ̀ á mú 35. Ìwé tuntun ní kí ìjọba àpapọ̀ dín tiẹ̀ kù sí 10, kí tàwọn ìpínlẹ̀ di 55. Ẹ ò rí i, látìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti bù sí i fún wọn, síbẹ̀ kò tó. Ìdí ni pé nígbà tí owó tàwọn ìpínlẹ̀ bá délẹ̀, wọ́n tún gbọ́dọ̀ pín in láàárín ara wọn: ìdajì, wọ́n á pín in dọ́gba fún gbogbo ìpínlẹ̀ 36 àti Abuja, 30 á tẹ̀ lé iye èèyàn, 20 á padà sí ibi tí wọ́n ti pa owó náà. Ìwé tuntun ní kí ti ibi tí wọ́n ti pa á di 60, kí àwọn méjì yòókù di 20 - 20.

Ẹ fi ₦100 wò ó. Nínú ₦100 táwọn ìpínlẹ̀ fẹ́ pín, ₦50 tí wọ́n ń pín dọ́gba sọ́nà 37, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń rí ₦1.35 níbẹ̀. Tó bá di ₦20, 54 kọ́bọ̀ ni. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ tí ò ní ilé-iṣẹ́ ńlá kankan, tó jẹ́ owó Abuja lẹ ń retí lóṣooṣù kẹ́ ẹ tó sanwó oṣù, ẹ sọ òótọ́, ṣé ẹ máa dákẹ́?

Inú tèmi wá ń bàjẹ́ lórí apá tó kù yìí. Ẹ̀sùn tó wà lọ́kàn àwọn ará òkè ọya tipẹ́tipẹ́, òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó ra káàdì fóònù ní Maiduguri tàbí tó ra páálí bisikíìtì ní Gombe, VAT tó san níbẹ̀, Èkó ni wọ́n ń kọ ọ́ sí tẹ́lẹ̀, torí Èkó ni olú ilé-iṣẹ́ wà. Nítorí náà nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé "ibi tí wọ́n ti pa owó", Èkó ni wọ́n ń gbọ́. Ìwé òfin tuntun yẹn fẹ́ tún èyí gan-an ṣe, ó ní ibi tẹ́ni tó ra ọjà ti lò ó ni kí wọ́n máa kọ owó yẹn sí. Ìyẹn ni pé ti Maiduguri á wá jẹ́ ti Maiduguri. Oyèdélé sọ ọ́ títí, ó sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sọ ọ́ níwájú àwọn sẹ́nétọ̀, kò wọlé, torí 60 yẹn ti kọ́kọ́ dé etí wọn. Gómìnà Zulum ti Borno ní gbangba ló ti ń bi wọ́n pé kí ló ń kánjú. Mo kọ́ ọgbọ́n kan níbẹ̀: tí ìṣirò àti ìtumọ̀ bá wà nínú ìwé kan náà, ìṣirò làwọn èèyàn máa gbé sá lọ.

Kẹ́ ẹ má sì kà á sí ìjà Hausa àti Yorùbá, bẹ́ẹ̀ làwọn kan ṣe kà á tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wọn lórí Facebook. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè, tí Igbákejì Ààrẹ Shettima ń darí, jókòó lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá, tí wọ́n ní kí Ààrẹ kó ìwé náà padà ná kí wọ́n tún un jíròrò, Gómìnà Ṣèyí Mákindé ti Ọ̀yọ́ tiwa ló jáde wá sọ ọ́ fáwọn oníròyìn. Ààrẹ kọ̀, ó ní kó máa bọ̀ nílé aṣòfin. Lọ́dún 2021 ẹ̀wẹ̀, Rivers lábẹ́ Wike ló gba ilé ẹjọ́ lọ pé àwọn ìpínlẹ̀ ló yẹ kó máa gba VAT fúnra wọn, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt dá wọn láre lóṣù kẹjọ, Èkó yára ṣe òfin tiẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, kí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó ní kí gbogbo wọn dúró síbi tí wọ́n wà. Ẹni tí ìpín ẹ̀ máa pọ̀ ló ń fẹ́ àyípadà, ẹni tí tiẹ̀ máa dín ló ń kọ̀ ọ́, èdè kì í fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti rójú ẹ̀ ni ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2025 nígbà táwọn gómìnà pàdé ìgbìmọ̀ Oyèdélé: ìdajì ṣì máa jẹ́ dọ́gba-dọ́gba, ibi tí wọ́n ti lò ó máa jẹ́ 30, iye èèyàn 20, VAT ò sì ní kúrò ní 7.5. Ẹ fi wéra pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń pín in tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ariwo oṣù mẹ́ta, 30 àti 20 kàn gba ipò ara wọn ni, gbogbo ìfikún VAT sì kú síbẹ̀. Kó tó lè dé àárín yìí, wọ́n ti fi Ààrẹ, gómìnà 36 àti sẹ́nétọ̀ 109 pẹ̀lú ọmọ ilé aṣojú 360 ṣe é. Ó yàtọ̀ gan-an sí ìgbà tí VAT yìí kọ́kọ́ dé, ìjọba ológun ló fi dìkírì 102 ti ọdún 1993 gbé e wá, wọn ò bi ẹnikẹ́ni, ọdún 1994 a ti ń san 5. Mi ò ní ká padà síbẹ̀ o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìnira yìí wà torí pé a lẹ́nu ọ̀rọ̀ báyìí.

Ẹ béèrè ẹni tó ti ń gba owó lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀

Mo ní màá padà sọ́rọ̀ ìyá aláṣọ. Lọ́jọ́ tí mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó yọ ike bisikíìtì kan lábẹ́ káńtà, gbogbo ìwé owó tó ti san lọ́dún yẹn ló wà níbẹ̀. A tò wọ́n sórí ìtẹ́lẹ̀ àǹkárá. Ti ilẹ̀ ọjà. Ti pátákó orí ṣọ́ọ̀bù. Ti rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ìyá ò sì ní tẹlifíṣọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù. Ti ìdọ̀tí, bẹ́ẹ̀ àwọn fúnra wọn ló ń dáwó fún ọmọ tó ń kó ìdọ̀tí. Ti owó orí tòótọ́, òun nìkan ló ní nọ́ńbà tó ṣe é yẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà. Méjì tó kù, sítáńpù nìkan ló wà lórí wọn, kò sí orúkọ, kò sí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Mo bi í pé ta ló gba ti méjì yìí. Ó ní ọkùnrin kan tó wọ áápìrọ́ọ̀nù, pé bí òun ò bá san án, wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tó ti san owó méje, tí ò mọ ibi tí méjì lọ, ẹ lọ bá a pé ìjọba fẹ́ ṣàtúnṣe òfin owó orí kó lè rọrùn fún un. Kí lẹ rò pé ó máa gbọ́? Ìkẹjọ ló máa gbọ́. Ìgbìmọ̀ yẹn sọ pé àwọn fẹ́ kí gbogbo oríṣi owó orí ilẹ̀ yìí má tó mẹ́wàá mọ́, nǹkan ńlá ni tó bá ṣẹ, àmọ́ àwọn tó ń fi tíkẹ́ẹ̀tì jẹun ní àwọn ọ̀gá tiwọn náà, àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn ló ń kó èrò wá nígbà ìbò. Nítorí náà, kẹ́ ẹ máa wò ó bóyá òfin tuntun kan dárúkọ àwọn tí iṣẹ́ owó gbígbà máa bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bó bá dárúkọ wọn, ẹ máa retí ìjà tí ò ní hàn nínú ìwé ìròyìn.

Àwa Yorùbá ló sì yẹ ká mọ èyí jù. Ní 1918, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn tí òmìnira Ẹ̀gbá bọ́, òyìnbó gbé owó orí tuntun dé, ogun Àdùbí bẹ́, wọ́n hú irin rélùwéè. Àwọn ìyá Abẹ́òkúta tẹ̀ lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lórí owó orí obìnrin títí tí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè níbẹ̀rẹ̀ 1949. Lẹ́yìn náà ni ìjà àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ̀kọ̀yà, 1968 sí 1969. Gbogbo wa la mọ "òkè mẹ́fà là ó san", ṣílè 30. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn àgbà tó mọ agbègbè Akànrán, wọ́n á sọ fún yín pé iye yẹn nìkan kọ́ ló mú Táfà Adéoyè, olórí wọn, àtàwọn èèyàn ẹ̀ bínú. Owó kòkó ò dáa, ọ̀nà oko ò ṣe é rìn, àwọn agbowó orí ń lé àgbẹ̀ kiri inú oko, wọ́n ń gba tiwọn sápò. Ara ohun táwọn àgbẹ̀ bèèrè ni pé kí wọ́n yọ àwọn òṣìṣẹ́ káńsù wọ̀nyẹn. Ẹ̀mí ṣòfò, títí kan ti Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Awólọ́wọ̀ gan-an gbéra lọ bá wọn nínú oko kí ọ̀rọ̀ tó rọlẹ̀, kí ìjọba Adébáyọ̀, gómìnà ológun ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn nígbà yẹn, tó mú un wá sí £2. £2 yẹn ju òkè mẹ́fà lọ. Wọ́n gbà á síbẹ̀, torí wọ́n ti rí i pé ẹnì kan gbọ́ tiwọn. Gbogbo ìjọba tó bá fẹ́ fọwọ́ kan owó orí ní ilẹ̀ yìí, mo máa ń fẹ́ kí wọ́n ka èyí kí wọ́n tó ka ìwé àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà

Èyí ò gùn. Lóṣù karùn-ún ọdún 2007, ìjọba Ọbásanjọ́ tó ń palẹ̀ mọ́ sọ VAT di 10 láti 5, wọ́n tún fowó kún epo, oṣù kẹfà àwọn òṣìṣẹ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀, Yar'Adua tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé dá a padà sí 5. Ó dúró síbẹ̀ títí di oṣù kejì ọdún 2020 tó di 7.5, tí kò sí ìdaṣẹ́sílẹ̀ kankan. Kí ló yàtọ̀? Ìbò 2019 ti kọjá, Buhari ò tún ní díje mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin kan náà yọ àwọn oníṣòwò tí ọjà wọn ò tó ₦25,000,000 lọ́dún kúrò nínú VAT àti owó orí ilé-iṣẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbà, wọ́n fi tòsì bù fún èèyàn púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí òfin owó orí, ẹ ka iye oṣù tó kù kí ìbò tó dé. Ìbò 2027 wà nílẹ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tuntun tó bá jáde lásìkò yìí fi máa ń dẹ́rù ba àwọn olóṣèlú ju bó ṣe ń dẹ́rù bà yín lọ.

Ẹ ka ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde gan-an

Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé aṣòfin ọ̀tọ̀, èyí tí wọ́n dìbò fún ọ̀tọ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ sínú gásẹ́ẹ̀tì, ìwé tí ìjọba fi ń kéde òfin, ló ń ṣiṣẹ́. Lóṣù kejìlá ọdún 2025, Abdussamad Dasuki, aṣojú kan láti Sokoto, dìde nílé aṣojú-ṣòfin pé ohun tóun rí nínú gásẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí ohun táwọn dìbò fún. Ọ̀rọ̀ náà le débi tí ilé aṣòfin fi ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Bí aṣòfin tó dìbò bá lè ka méjèèjì kó bá ìyàtọ̀ níbẹ̀, àwa tá a ń ka ti WhatsApp ńkọ́? Kẹ́ ẹ máa béèrè pé ojú ìwé wo, nọ́ńbà wo, lórí gbogbo ohùn tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹni tí ò bá lè dárúkọ nọ́ńbà, ẹ má fi tiẹ̀ ránṣẹ́ síwájú.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ohùn yín wọ inú òfin kó tó di òfin, ìgbà tí wọ́n bá pe gbogbo ayé wá sọ̀rọ̀ nílé aṣòfin ni, irú èyí tí wọ́n ṣe lóṣù kejì ọdún 2025. Ìwé lẹ máa kọ, ẹgbẹ́ ọjà lè kọ ọ́, ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ lè kọ ọ́, kì í ṣe dandan kẹ́ ẹ dé Abuja. Ẹ fi iye owó sí i, irú ìṣirò olùkọ́ tá a ṣe lókè yẹn. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí aṣojú àdúgbò yín, ẹ gba nọ́ńbà fóònù ẹni tó gbà á lọ́wọ́ yín. ASUU gbé ohùn sókè, TETFund sì gba ìdajì. Ìyá aláṣọ àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ò kọ nǹkan kan, mo ti wá ń bá wọn kọ tiwọn báyìí lórí àwọn ìwé aláìlórúkọ méjì yẹn, a sì ti ya fọ́tò wọn mọ́ ọn.

Èyí tó kù nílẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí ni pasẹ́ńtì 5 lórí epo. Ó wà nínú òfin tuntun náà, kò tíì lè bẹ̀rẹ̀ títí mínísítà ètò ìṣúná á fi kọ ìwé àṣẹ tí wọ́n á tẹ̀ sínú gásẹ́ẹ̀tì. Kẹrosíìnì tá a ń lò nílé, gáàsì ìdáná àti CNG (gáàsì tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀) ò sí nínú ẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá ìwé àṣẹ yẹn, ẹ wo déètì orí ẹ̀, kẹ́ ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni.